Kí ló dé tí kóòṣì ò tíì pe táìmáòtù?

Ẹni tó bá ti wo fọ́líbọ́ọ̀lù ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, yálà nínú ọgbà fásitì LAUTECH tàbí lórí ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn kíláàsì níbi tí wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà, á ti gbọ́ igbe yìí: "Kóòṣì, ẹ pè é! Ẹ pè é ná!" Táìmáòtù ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ìdádúró díẹ̀ tí kóòṣì lè béèrè kó fi bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ikọ̀ tó ń fi 14 sí 11 ṣíwájú ti di ẹni ẹ̀yìn, 16 sí 14. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nídìí sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ póìntì kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fì lójú afẹ́fẹ́, àwọn tó yẹ kó gbà á ń wo ara wọn lójú. Kóòṣì káwọ́ sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá pàdánù sẹ́ẹ̀tì náà, òun ni gbogbo ẹnu á dojú kọ. Ìgbà míì wà tí ẹ̀bi ọ̀hún tọ́ sí i lóòótọ́. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣírò ohun tí òfin fi sí i lọ́wọ́, tí àwa tó yí pápá ká ń fi ọkàn gbígbóná wo eré.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láàárín àwọn tó fẹ́ràn eré náà níbí. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé àwọn ọmọ wa ń wo ìdíje àgbáyé àti ti Amẹ́ríkà lórí fóònù, wọ́n ń rí bí wọ́n ṣe ń dá eré dúró níbẹ̀, wọ́n sì ń bi kóòṣì tiwọn léèrè ìdí tí òun kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ òun.

Ìwé òfin àjọ fọ́líbọ́ọ̀lù àgbáyé, FIVB, ni orílẹ̀-èdè yìí ń tẹ̀ lé, láti orí ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ títí dé líìgì àgbà tí ikọ̀ Ọ̀fà, aládùúgbò wa, ti kópa rí. Ìwé yẹn fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní táìmáòtù méjì nínú sẹ́ẹ̀tì kan, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà tún wà fún sẹ́ẹ̀tì kan náà. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àkọ́kọ́ ń parí ní póìntì 25, ìkarùn-ún ń parí ní 15, ẹni tó máa borí sì gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnì kejì lọ. Bí eré bá di 24 sí 24, wọ́n á máa bá a lọ ni, kódà bó wọ 31 sí 29. Táìmáòtù kò ní pọ̀ sí i nítorí ìyẹn. Méjì tí o bá wọlé ni méjì náà, èyí tí o kò bá sì lò kò ní bá ọ dé sẹ́ẹ̀tì tó kàn. Bí dátà ọjọ́ kan ló rí, ilẹ̀ á mọ́, á ti lọ, ìbáà ṣẹ́ ku púpọ̀ lórí fóònù rẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tó bá kéré tí kò sì ṣeé kó pamọ́, ẹni tó ni ín á máa bẹ̀rù méjèèjì: kó má ná an jù, kó má sì jẹ́ kó ṣòfò. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ kóòṣì wa ń bẹ̀rù ti àkọ́kọ́ jù. Wọ́n á di táìmáòtù mú bí ẹni di owó ilé ìwé mú, wọ́n á wá pè é ní 17 sí 24, nígbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ikọ̀ tí póìntì kan péré kù kó pàdánù, tí wọ́n sì fi méje ṣíwájú rẹ̀? Ká tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dùn, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ méje léra láìṣe àṣìṣe kan kí wọ́n tó lè rí ẹ̀mí dúró.

Ètò póìntì tí a ń lò ló jẹ́ kí ìdúródìgbà yìí burú tó bẹ́ẹ̀. Kí FIVB tó yí i padà ní ìparí àwọn ọdún 1990, ikọ̀ tó ń sáàfù nìkan ló lè jẹ póìntì ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí ikọ̀ méjèèjì bá ń gba sáàfù lọ́wọ́ ara wọn lásán, àmì kò ní kúrò lójú kan, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ní àkókò láti ronú. Lónìí, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá ní póìntì tirẹ̀. Bí o bá wà lẹ́yìn ní 13 sí 18, tí ìwọ àti ọ̀tá wá ń jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàfo márùn-ún kò yí padà, ṣùgbọ́n òun ń sún mọ́ 25. Ìdákẹ́jẹ́ kóòṣì ń jẹ nínú sẹ́ẹ̀tì náà, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn fínnífínní, torí ó kúrú ju bí a ṣe ń pè é lẹ́nu lọ. Kóòṣì fọwọ́ ṣe àmì T, rẹfirí kejì fun fèrè. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú pápá gbọ́dọ̀ jáde wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì wọn. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀, wọn ò lè dúró sójú kan kí kóòṣì wá bá wọn. Ẹni tó wà ní igun òdìkejì ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgò omi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Kí gbogbo ojú tó yí sí kóòṣì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti lọ. Fèrè tó máa dá wọn padà kò sì ní dúró de gbólóhùn tó kù.

Ohun tó ṣẹ́ kù lè gba gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Kóòṣì tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti ronú ohun tó fẹ́ sọ kó tó gbé ọwọ́ sókè. Á ní: "Nọ́ńbà 9, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń já síwájú rẹ, sún síwájú lẹ́sẹ̀ kan. Líbẹ́rò, àárín di tìẹ, má fi sílẹ̀ fún un mọ́. Sẹ́tà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó o gbé e lọ, má ṣe dábírà kankan." Ó parí nìyẹn. Líbẹ́rò ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba bọ́ọ̀lù, sẹ́tà sì ni ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún àwọn tó máa gbá a mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù mọ ohun tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ òun máa ṣe nígbà tí fèrè bá dún.

Ẹ fi wé èyí tí a sábà máa ń gbọ́: "Kí ló ń ṣe yín gan-an? Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ṣé ohun tí mo kọ́ yín nìyí? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn!" Ìṣẹ́jú àáyá 30 ti tán. Àwọn ọmọ padà sínú pápá, ẹ̀rù tó wà lára wọn tẹ́lẹ̀ ti di méjì: ẹ̀rù ọmọ tó ń sáàfù, àti ẹ̀rù ọ̀gá tó wà lẹ́yìn wọn. Mi ò sọ pé kí kóòṣì má bínú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta wà láàárín sẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì. Tí ìbínú bá pọn dandan, kó gbé e dé ibẹ̀.

Fídíò tí àwọn tíṣà eré ìdárayá wa ń wò náà ń dá kún ìṣòro yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni táìmáòtù. Kóòṣì ibẹ̀ lè mú pátákó kékeré, kó ya ìlà, kó béèrè bóyá ó yé wọn, kí wọ́n sì tún gbọ́wọ́ lé ara wọn kí wọ́n tó tú ká. Ẹni tó bá gbé ìlànà yẹn wá sínú ìṣẹ́jú àáyá 30, orí ìlà kejì ló máa wà tí rẹfirí á fi pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́líbọ́ọ̀lù orí iyanrìn, tó jẹ́ ẹni méjì méjì, ṣe ní tirẹ̀: táìmáòtù ẹyọ kan péré ni ikọ̀ ní nínú sẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ìṣirò wọn tún le ju tiwa lọ.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kóòṣì ń rà pẹ̀lú táìmáòtù. Nígbà míì kò tilẹ̀ nílò láti sọ ohunkóhun. Ọmọ tó ń sáàfù ti rí ojú ọ̀nà: ó ju bọ́ọ̀lù sókè, ọwọ́ pàdé rẹ̀, ó bọ́ síbi tó fẹ́, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Bí wọ́n bá ní kó dúró, kó lọ síbi bẹ́ǹṣì, kó tún padà wá, ara rẹ̀ á ti tutù díẹ̀, á sì ti ráyè ronú pé "tí mo bá gbé eléyìí sínú nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Nígbà tí rẹfirí bá fun fèrè sáàfù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ló ní láti gbá a. Ìdí nìyẹn tí àwọn kóòṣì kan fi ń pè é ní kété tí bọ́ọ̀lù kú, nígbà tí ọmọ náà ti ń na ọwọ́ láti gba bọ́ọ̀lù mìíràn. Òfin gbà wọ́n láyè: láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kú títí di ìgbà tí rẹfirí bá fun fèrè sáàfù ni ẹnu wọn tó o.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé táìmáòtù kì í ṣe ti ẹni tó pè é nìkan. Ikọ̀ kejì náà ń mu omi. Kóòṣì wọn náà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún ọmọ tó ń sáàfù náà pé: "Wọn á sún síwájú báyìí, gbé e lọ sẹ́yìn." Bí àárẹ̀ bá ti mú ikọ̀ tó wà níwájú, tí ẹni tó ń fò jù nínú wọn ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ìwọ tó pe táìmáòtù lo fún un ní ìsinmi ọ̀fẹ́. Mo mọ àwọn kóòṣì tó jẹ́ pé nítorí ìdí yìí nìkan ni wọn kì í fi í pè é lẹ́yìn bọ́ọ̀lù gígùn tí gbogbo èèyàn ti ń mí hẹlẹ, àyàfi bí àwọn ọmọ tiwọn ló rẹ̀ jù.

Ìbéèrè tó wá le jù ni bóyá táìmáòtù ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹnì kan á ní, "Ṣé o ò rí i ni? Bí wọ́n ṣe pè é báyìí ni wọ́n jẹ póìntì." Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé ikọ̀ kan wà tó jẹ́ pé nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá gba sáàfù, ìgbà mẹ́fà ni póìntì náà ń jẹ́ tiwọn. Wọ́n wá pàdánù mẹ́ta léra. Kóòṣì pe táìmáòtù, wọ́n padà wọlé, wọ́n jẹ èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún kóòṣì. Ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ń jẹ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mẹ́fà nínú mẹ́wàá náà ni ì bá jẹ́ ká ní kóòṣì kò la ẹnu rárá. Àdánù mẹ́ta tó ṣáájú kò yí ìyẹn padà. Póìntì tó tẹ̀ lé táìmáòtù kì í ṣe ẹ̀rí pé táìmáòtù ló mú un wá.

Nítorí náà, òfin "bí wọ́n bá ti jẹ mẹ́ta léra, pè é" tí ọ̀pọ̀ ń lò kò tó mi. Ohun tó yẹ kí kóòṣì bi ara rẹ̀ ni bóyá nǹkan kan wà tó ti sọ mẹ́fà di mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù bá kan nẹ́ẹ̀tì tó wá rọra já bọ́ sí tiwa, àìríre ni. Bí ọmọ wa bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa tó kàn jáde pẹ̀lú ìwọ̀n ìka ọwọ́, àìríre náà ni. Ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ bí sáàfù mẹ́rin bá wá bá ẹnì kan ṣoṣo, tí kò sì rí ọ̀kan gbà dáadáa, ìdí ti wà, ìdí náà kò sì ní lọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni kóòṣì gbọ́dọ̀ dá dúró, kódà bó jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì péré tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tó fara sin. Nínú fọ́líbọ́ọ̀lù, ikọ̀ kì í yí ipò àyàfi tó bá gba sáàfù padà. Bí ìtò yín, ìyẹn bí ẹ ṣe tò sí ipò nínú pápá, bá burú, inú ìtò burúkú yẹn lẹ ó wà títí ẹ ó fi jẹ póìntì. Ìtò tó sábà máa ń dá àwọn ikọ̀ tó ń lo sẹ́tà kan ṣoṣo lóró ni ìgbà tí sẹ́tà bá wà ní ìlà iwájú, nítorí méjì péré ló kù níwájú tó lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Tí sẹ́tà bá wà lẹ́yìn, mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn tó ń dí bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń dúró de méjì yẹn ni. Kóòṣì tó mọ ikọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ kí sẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ ni òun ti máa ná táìmáòtù kan, bí ọ̀tá bá jẹ méjì níbẹ̀ kí ó tó di mẹ́rin. Ẹni tó ń wò láti ẹ̀yìn ìlà á máa sọ pé ó tètè pè é.

Bí táìmáòtù ṣe kéré yìí ló jẹ́ kí ìpààrọ̀ di irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára láti mọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì lè jáde lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà lẹ́ẹ̀kan, ipò ẹni tó gbapò rẹ̀ nìkan ló sì lè padà sí. Ìpààrọ̀ kò ní ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀. Àkókò tí akọ̀wé ìdíje fi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ tí àwọn méjì sì fi ń kọjá lára wọn ni. Síbẹ̀ ó tó láti já okùn ọwọ́ ẹni tó ń sáàfù, ẹni tó ń wọlé sì lè gbé iṣẹ́ kóòṣì lọ́wọ́: "Kóòṣì ní kí gbogbo yín sún sọ́tùn-ún." Gbèsè ibẹ̀ ni pé bí o bá fẹ́ dá ẹni tó jáde padà, méjì nínú mẹ́fà ti lọ. Fún líbẹ́rò, wọlé-jáde rẹ̀ kò sí nínú mẹ́fà yẹn, ṣùgbọ́n kò dá eré dúró náà.

A lè so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí eré bá dúró, òfin gbà kí táìmáòtù àti ìpààrọ̀ tẹ̀ lé ara wọn láìsí pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láàárín, ohun tí kò gbà ni kí ikọ̀ kan náà béèrè ìpààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdúró kan. Kóòṣì tó mọ èyí, ní 23 sí 24, á kọ́kọ́ pe táìmáòtù. Bí àwọn ọmọ ṣe ń padà sínú pápá, tí ọmọ tó fẹ́ sáàfù ti gba bọ́ọ̀lù tó ń lù ú mọ́lẹ̀ pó, pó, á rán ẹlòmíì wọlé. Bọ́ọ̀lù tún dúró lọ́wọ́ ọmọ náà. Inú àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ kejì kì í dùn, wọ́n á ní ó ń ṣe màgòmágó. Kò ṣe màgòmágó kankan o. Inú ìwé ló wà.

Ẹ̀yìn èyí la wá kan ohun tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdíje àgbáyé FIVB ní ìdádúró mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ní sẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkẹrin, bí ikọ̀ tó wà níwájú bá ti pé póìntì 8, eré á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60, bó bá sì tún pé 16, bákan náà. Ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, kò sí i. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìpolówó, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí orí kóòṣì: bí ọ̀tá bá ń fi 7 sí 3 ṣíwájú, ta ló máa ná táìmáòtù tirẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé póìntì kan sí i, ìṣẹ́jú kan gbáko ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Gbogbo wọn ló ń dúró.  Ìwé òfin tún wá fún FIVB láyè, nínú àwọn ìdíje ńlá tirẹ̀, láti dín iye ìdádúró kù nítorí àdéhùn àwọn onígbọ̀wọ́ àti ti tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tí ẹ rí nínú ìdíje kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Kóòṣì tó kọ́ eré nígbà ìdádúró ọ̀fẹ́ yẹn, tó sì ń wá sí pápá wa níbí pẹ̀lú àṣà "ẹ jẹ́ ká dé 8 ná," ń dúró de ohun tí kò ní bọ̀. Níbí, 7 sí 3 á kàn di 8 sí 3, á di 9 sí 3.

Nínú ìdíje ńlá, kóòṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ agogo kó tó fi ọwọ́ ṣe T. A ò ní agogo níbí, ọwọ́ àti ohùn la ní, ohùn náà kì í sì í dún dé ibi kankan nígbà tí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin gba kóòṣì láyè láti máa sọ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, bó bá ti wà ní iwájú bẹ́ǹṣì tirẹ̀ láàárín ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú gbọ̀ngàn tó dákẹ́, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ táìmáòtù tí kò lópin. Ní ọ̀sán tí ikọ̀ méjì láti àdúgbò kan náà bá pàdé, tí dùndún ń dún, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lu agolo, ọmọ tó wà ní igun ìsàlẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ. Ìdádúró méjì yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ lè dé etí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé táìmáòtù wọ́n níbí ju bó ṣe wọ́n nínú gbọ̀ngàn lọ.

Pápá wa tún wà ní gbangba. Lásìkò ọyẹ́, atẹ́gùn á gbé erùpẹ̀ pupa dìde, á sì gbé sáàfù tó ń fì náà lọ síbi tí ẹni tó gbá a gan-an kò fọkàn sí. Nírọ̀lẹ́, oòrùn tó ń wọ̀ á dojú kọ ìhà kan pápá. Bó bá jẹ́ pé ìhà tiwa ni oòrùn wà, póìntì mẹ́ta léra lè má ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìtò wa rárá. Kóòṣì kan lè lo ìṣẹ́jú àáyá 30 kí atẹ́gùn fi rọlẹ̀, òmíràn á ní òun kò ní ná owó òun sórí ojú ọjọ́. Èmi wà lẹ́yìn ẹni kejì, àfi tó bá ti kọjá póìntì 20.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ̀ títí yóò fi gún wọn lójú. Kóòṣì nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè táìmáòtù. Bí kóòṣì kò bá sí níbẹ̀, balógun ikọ̀ tó wà nínú pápá lè béèrè. Igbákejì kóòṣì kò lè béèrè nígbà tí ọ̀gá wà níbẹ̀. Tíṣà tó dúró lẹ́yìn ìlà kò lè béèrè. Bàbá ọmọ tó wá wòran kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Níbí tó jẹ́ pé tíṣà kan ṣoṣo ló ń bójú tó ikọ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin ní pápá méjì lákòókò kan náà, ó yẹ kí balógun ikọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí dájú: bí tíṣà bá ti lọ sí pápá kejì, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà, kó má dúró máa pariwo "Sà, ẹ wá o!"

Bí ẹni tí kò tọ́ sí bá béèrè, tàbí tí wọ́n béèrè lẹ́yìn fèrè sáàfù, tàbí tí wọ́n béèrè ìkẹta nínú sẹ́ẹ̀tì, rẹfirí á kọ̀ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ nínú eré kan, bí kò bá dá a dúró, kò ní ìyà, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ó ti di ìfàsẹ́yìn eré: ìkìlọ̀ pẹ̀lú káàdì yẹ́lò. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, káàdì pupa ni, ikọ̀ kejì á gba póìntì àti sáàfù. Gbogbo ikọ̀ ni ìjìyà náà wà fún, kì í sì í tán pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì kìíní ṣì wà lórí yín ní ìkarùn-ún. Ẹ ronú bí sẹ́ẹ̀tì á ṣe bọ́ ní 13 sí 14 nítorí pé ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì ń fi ọwọ́ ṣe T láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Kóòṣì tó bá ti gba ìkìlọ̀ ìfàsẹ́yìn kan á máa fọwọ́ di ẹnu àwọn èèyàn rẹ̀ mú ní gbogbo ìyókù eré náà. Òfin sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: bó bá ti lo táìmáòtù kejì, rẹfirí kejì gbọ́dọ̀ sọ fún un, kó má ba à gbàgbé. Nínú àwọn ìdíje wa tó jẹ́ rẹfirí kan ló ń dá ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ gba ọmọ kan sórí bẹ́ǹṣì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.

Ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, gbogbo ìṣirò yí dà. Póìntì 15 péré ni, táìmáòtù kò sì dín kù, méjì ṣì ni. Ohun tí wọ́n fún ọ fún póìntì 25 ni wọ́n fún ọ fún 15, nítorí náà ahun kankan kò yẹ níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá jẹ mẹ́ta sí òdo, kóòṣì tó pè é lójú ẹsẹ̀ kò yá jù. Mẹ́ta nínú 15 wúwo ju mẹ́ta nínú 25 lọ. Ọ̀kan ni kó máa bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn 11. Ní póìntì 8, ikọ̀ méjèèjì á pààrọ̀ ìhà pápá láìfi àkókò ṣòfò, kò sì sí ìsinmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì náà ń pààrọ̀ ìhà. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, kóòṣì tó mọ iṣẹ́ á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́tà rẹ̀, á sọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí i létí, rẹfirí kankan kò sì ní kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí táìmáòtù.